Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ẹ̀kọ́ Di Ẹ̀kọ

Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Tíṣà gbé fèrè sẹ́nu, ó fẹ́ fun ún kí n lè gba ohùn orin níbẹ̀ kí n tó dárin, mo mirí. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé bí mo bá dúró gbọ́ fèrè, àwọn èèyàn á ráàyè wò mí. Mo kàn fẹ́ kí orin náà bẹ̀rẹ̀, kó lè tètè tán.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí ogun àwọn òyìnbó parí ni, nílé ìwé ìjọ kan ní Èjìgbò. Lọ́dọọdún, kí ilé ìwé tó gba ìsinmi Kérésì, a máa ń ṣe eré olórin fún gbogbo ìlú, onígbàgbọ́ àti ìmàle. Kò sẹ́ni tí kì í níṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé á ru imọ̀ ọ̀pẹ wá fún àtíbàbà, àwọn tó wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn á yá ẹní tí a fi ń ṣe ìkélé, àwọn ọmọbìnrin á gé bébà ṣe adé. Èmi kò mọ ijó jó. Ohùn gbàǹgbà tí mo fi ń lé ẹyẹ lóko bàbá mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi ní kí n máa dárin.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ eré ọdún yẹn. Ọmọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Àìmọ̀kan. Ó ṣìnà sínú igbó, Ayaba Ẹ̀kọ́ ló wá mú un jáde. Tíṣà fi ohùn orin inú rẹ̀, "Ẹ̀kọ́ dé o! Ẹ̀kọ́ dùn, ẹ wá gbà!", yangàn títí. Ó ní orin tí òyìnbó gbé wá kì í bọ̀wọ̀ fún èdè wa: à ń pe ọ̀run, ó ń di ọrùn. Tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀" á wà nísàlẹ̀, "kọ́" á fò sókè réré.

"Ẹ gbé e sókè!" ni yóò máa pariwo, pàṣán á sì balẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí kò gbé e. "Bí ẹ ò bá gbé e débẹ̀, ẹ̀kọ inú ewé lẹ̀ ń kọ yẹn!"

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa ló ṣe Ayaba, nítorí kò sí ohùn tó tó tirẹ̀ nílé ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn ọmọbìnrin yòókù kò lè gbé e mì. Bí wọ́n bá ń dé e ládé, wọn á di imú.

"Omi ògì mà ń rùn níbí o."

"Ayaba, ṣé bébà la ó fi ṣe adé yín ni, àbí ewé eéran?"

Òun á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rín in. Ẹni tí kò bá bá wọn rín in, òun ló kàn.

Ohun kan wà tí èmi mọ̀ nítorí pé agboolé kan náà lèmi àti Ayaba yìí ń gbé. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ti ti Àbìjàn dé, ó fẹ́ mú un lọ kó lọ máa bá òun tajà. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun á kọ́kọ́ wá wo eré. Bí òun bá rí i pé nǹkan gidi ni wọ́n ń kọ́ ọmọ òun, yóò kàwé rẹ̀ tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Àbìjàn yá. Ọmọ náà pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ìwọ lo máa dárin. Jọ̀ọ́, má gbọ̀n o."

"Ta ló ń gbọ̀n?" Mo ti ń gbọ̀n nígbà yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ eré, àtíbàbà kún dẹ́nu. Bàbá rẹ̀ jókòó níwájú, àǹtí Àbìjàn jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú aṣọ ọdún lára. Mo yọjú láti ẹ̀yìn ẹní, mo sì rí gbogbo ojú wọ̀nyẹn. Tíṣà gbé fèrè. Mo mirí. Mo lanu.

Mo mú "Ẹ̀" lókè, níbi tó yẹ kí "kọ́" wà gan-an. Ibo ni "kọ́" fẹ́ gbà? Mo na ọrùn bí àkùkọ tó rí ọ̀bẹ. Ohùn náà gòkè díẹ̀, ó kọ̀, ó dúró síbẹ̀. Ohun tó jáde ni:

"Ẹ̀kọ dé o! Ẹ̀kọ dé o!"

Bí ẹlẹ́kọ ṣe ń polówó láàárọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tíṣà sì ti fi pàṣán kọ́ àwọn tó ń gbe orin pé bí mo bá ṣe dá a ni kí wọ́n ṣe gbà á. Wọ́n gbọ́ràn. Gbogbo wọn ké e pọ̀:

"Ẹ̀kọ dé o! Ẹ̀kọ dùn, ẹ wá gbà!"

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan dáhùn láàárín èrò: "Ẹ di mẹ́fà fún mi!"

"Ṣé ó gbóná, àbí ti àná ni?"

Ẹ̀rín bẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ló sì yẹ kí Ayaba jáde. Ó jáde.

"Ha! Ọmọ ẹlẹ́kọ mà ni!"

"Ìyá Ayaba, ẹ máa bọ̀ níwájú!"

Ìyá náà fi ìborùn bojú. Tíṣà fò sórí pèpéle, ó ń làágùn: "Kì í ṣe ẹ̀kọ! Ẹ̀-kọ́! Ẹ̀-kọ́ ni!"

"A ti gbọ́, tíṣà! Àkàrà ńkọ́?"

Ọmọ náà kọrin. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó kọ ọ́ dáadáa. "Kọ́" tirẹ̀ gòkè débi tí tíṣà ń fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ọmọkùnrin tó ṣe Àìmọ̀kan, tó yẹ kó kúnlẹ̀ gba síléètì lọ́wọ́ rẹ̀, kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ayaba, ẹ fún mi ní méjì. Ẹ fi èènì sí i."

Díẹ̀ ló kù kí àtíbàbà wó. Àwọn akẹgbẹ́ wa tó ń gbe orin ń yí nílẹ̀. Mo wo tíṣà: òun náà ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi ńkọ́? Ṣòkòtò kakí mi ti tutù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, mo sì ń gbàdúrà kí wọ́n máa fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín lọ, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, èmi ni wọn ó wò. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi. Kò sẹ́ni tó wò mí. Òun ni wọ́n wò títí tó fi kọ orin rẹ̀ dé òpin, tó tẹríba, tí adé bébà já bọ́ lórí rẹ̀.

Nígbà tí èrò ń tú ká, tíṣà sáré bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ọmọ yìí mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ. Àṣìṣe ẹni tó dárin ni. Ẹ má torí ẹ̀ mú un kúrò."

Bàbá kò bínú. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó fà á lé àǹtí Àbìjàn lọ́wọ́, ó wá yíjú sí tíṣà.

"Tíṣà, ẹ dìde, ẹ kú iṣẹ́. Ká ní ẹ̀kọ́ lẹ̀ ń kọ́ wọn ni, ǹ bá fi í sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀kọ ni mo gbọ́, gbogbo ìlú ló sì bá mi gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ ọ̀hún, ìyá ẹ̀ mọ̀ ọ́n jù yín lọ."