Ọjọ́ Tí Mo Fa Àjà Gbọ̀ngán Àwọn Àgbà Lulẹ̀

Ojú mi kòrókòró báyìí ló ṣe. Mo ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí tí ẹ bá dé òde ìsọmọlórúkọ ní Lake Arbor, ní Amẹ́ríkà níbí, lónìí, oríṣiríṣi lẹ ó gbọ́. Ẹnìkan á ní àdúrà ló gba owó tí wọ́n fi tún gbọ̀ngán wa ṣe. Ẹlòmíràn á ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣiṣẹ́ ní káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, ló bá wa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Wọn kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Orí àkàbà ni mo wà, irin tí mo fi ń fa ìṣó sì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi kò jìnnà nílé ìwé. Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti já sílẹ̀ n'Íbàdàn, mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ Mitchellville, kí ẹ wo àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀: èyí tí ọwọ́ mi kò tíì kàn nínú wọn, wọn kò pọ̀. Àwọn dókítà ń dúró dè mí. Bí mo bá ní n ò ráyè, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi." Èmi náà ra ilé tèmi síbẹ̀, balùwẹ̀ márùn-ún, mo sì ní kí màmá mi wá láti Ìbàdàn wá jayé.

Ayé wo ni màmá rí jẹ? Èmi á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì á ti wà ní ọsibítù, àwọn ọmọ á ti lọ síléèwé. Màmá kò mọ mọ́tò wà, ibẹ̀ kò sì ṣe é fẹsẹ̀ rìn dé ibì kankan. Ìyá tó máa ń fi ohùn kan ṣoṣo tú ìjà ká ládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tó ń ka ìròyìn nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, kò kí wọn mọ́. Mo dé lọ́jọ́ kan, mo kí i títí, ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀rù bà mí.

Gbọ̀ngán yẹn ló gbà á sílẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni, lójú ọ̀nà Upper Marlboro, tí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà gbà fún àwọn ìyá àti bàbá tí ọmọ wọn mú wá sílùú yìí. Èmi ni mo ń fi mọ́tò mi kó wọn lọ láàárọ̀. Alága ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan tóun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó jù mí lọ dáadáa, á wọn ìfúnpá wọn, wọ́n á ṣe eré ìdárayá lórí àga, wọ́n á ta lúdò, wọ́n á jà. Kò pẹ́ tí màmá mi débẹ̀ tó fi bú bàbá kan pé ó ṣe màgòmágó nídìí lúdò. Nígbà tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí, díẹ̀ ló kù kí n jó.

Àmọ́ òrùlé ibẹ̀ ń jò bí ajere, pákó ilẹ̀ sì ti ń rà. Àwọn tó ń yẹ ilé wò ní bí a kò bá tún un ṣe kí òtútù tó dé, àwọn á ti ibẹ̀ pa. Ẹgbẹ́ kò lówó òrùlé. Alága wa ló wá kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní gíráǹtì, èyí tí ìjọba máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń tún àdúgbò ṣe. Kí n má parọ́, obìnrin náà ṣiṣẹ́. Á ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní tíì bọ́ bàtà, á ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n dáhùn pé ọ̀rọ̀ wa yé àwọn, àwọn á rán ẹnìkan wá fojú rí i kí àwọn tó fọwọ́ sí i.

Ẹ ṣáà mọ̀ wá. Bí a bá ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ìgbálẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ wá. Alága pe gbogbo wa jọ.

"Àlejò ìjọba ò gbọdọ̀ bá wa nínú ìdọ̀tí," ó ní. "Kò gbọdọ̀ lọ sọ pé báyìí làwọn ará Nàìjíríà ṣe ń tọ́jú òbí wọn. Àbúrò, ọwọ́ ẹ ló wà o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," mo ní. "Tí mo bá ṣe é tán, ẹ ó rò pé ilé gómìnà ni."

Mo sì ṣe é. Mo fi pákó tuntun bo àjà tó ti jẹrà, mo kùn ún ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò lè rí ojú ìṣó. Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa tí a yá ní ṣọ́ọ̀ṣì lé ilẹ̀. Gbogbo garawa tí a fi ń gba omi òjò, mo kó wọn sínú mọ́tò mi, mo bò wọ́n. Iṣẹ́ náà dára. Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí àlejò náà máa wá. Obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ Amẹ́ríkà, ni. Ó wọ bàtà iṣẹ́, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Àwọn ìyá ti múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Èmi alára, léèsì funfun ni mo wọ̀. Ìrẹsì àti ẹran wà nínú kúlà méjì lórí tábìlì, a sì ti ṣí wọn sílẹ̀ kí òórùn wọn lè bá wa kí i káàbọ̀.

Obìnrin náà wòkè, ó wòlẹ̀. "Níbo ló ti ń jò?" ó béèrè.

Alága rẹ́rìn-ín. "Ó máa ń kán díẹ̀díẹ̀ ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ náà ń gbìyànjú. A dúpẹ́."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn yé mi yékéyéké. Obìnrin náà ní inú òun dùn pé a ti rí òrùlé wa tún ṣe, pé ibẹ̀ tilẹ̀ dára ju ọ́fíìsì òun lọ. Ó ní owó tó wà nílẹ̀, àwọn tí òjò ṣì ń pa nínú ilé ló wà fún. Ó bọ alága lọ́wọ́, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá mi fà mí láṣọ. "Ọkọ mi, ṣé ó ń lọ nìyẹn? Kí ló wá wò?"

"Ó ní ilé wa ti dára, mà."

"Ilé wo? Èyí tó ba gèlè mi jẹ́ lọ́jọ́sí?"

Mo wo ojú rẹ̀, mo rántí ọjọ́ tí mo kí i tí kò dáhùn. Bí wọ́n bá ti gbọ̀ngán yìí pa, inú ilé mi yẹn náà ló ń padà sí.

Mo sáré jáde sídìí mọ́tò, mo gbé àkàbà wọlé, mo mú irin mi. "Màdáámù, wéètì!" ni mo ké, mo sì ti gun àkàbà náà.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" alága kígbe. "Sọ̀kalẹ̀! Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Ẹ jẹ́ kójú tì wá lónìí, ká lè ríbi jókòó lọ́la."

"Léèsì lẹ wọ̀ yẹn o!" ìyá kan ní.

"Mo ní òmíràn nílé!"

Mo ki irin bọ àárín pákó méjì, mo fà á. Òjò òru gbogbo ti kóra jọ sókè níbẹ̀, nítorí mo kan àjà náà débi pé omi kò rọ́nà kán. Ó dà lé mi lórí, ó dà sínú ìrẹsì, ebu dúdú àti pákó jíjẹrà sì tẹ̀lé e.

Màmá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, o kú ìwẹ̀ o!"

Àlejò náà di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló gbé kámẹ́rà sójú.

N kò dúró. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo fẹsẹ̀ tẹ pákó ilẹ̀ kó rí bó ṣe ń rì wọlẹ̀. Mo kó àwọn garawa padà wá. Màmá mi ní kí n bá òun túmọ̀.

"Sọ fún un pé nílé ọmọ mi, balùwẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Kò sẹ́ni tí yóò kí mi pé ẹ káàárọ̀. Ibí ni wọ́n ti ń kí mi."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kékeré mi sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ dáadáa. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó sórí àga tó tutù, ó ní kí àwọn ìyá yòókù náà sọ tiwọn.

Wọ́n fún wa! Odidi òrùlé, ilẹ̀ tuntun, ẹ̀rọ amúlégbóná. Wọ́n ní àwọn tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè ṣe òrùlé náà, torí náà n kò kan ìṣó kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán, èmi ni mo dúró nísàlẹ̀ tí mo ń nàka. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá ń bẹ nílẹ̀. Òtútù dé, yìnyín bo títì, a jókòó sínú ooru. Màmá mi ń na àwọn bàbá nídìí lúdò, ó ń pariwo pé, "Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta jókòó!" Lọ́jọ́ tí a ṣí ibẹ̀, gbogbo èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó wọlé ìbò.

Alága náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní àbúrò mọ́. Ó fipò sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sì wá mọ́. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e.

Ohun tí a pàdánù nìyí: àjà kan, kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì kan, kúlà ìrẹsì méjì, léèsì funfun kan, àti alága kan.