Àgékù Aṣọ Akaiti

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Akaiti, ẹ ju àgékù aṣọ nù níṣojú rẹ̀. Ní abúlé Areora, ní erékùṣù Atiu, gbogbo obìnrin tó ń ránṣọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbáà má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò ṣà á, yóò fọ̀ ọ́, yóò lọ̀ ọ́, yóò kó o sínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwọn kan ní ahun ni. Ahun kọ́. Tuakeu ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ fún.

Tuakeu kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀. Upokoina, àbúrò rẹ̀, ló bí i, tó já a lẹ́nu ọmú ní kíákíá, tó sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wá iṣẹ́ sí Ọkilandi lókè òkun. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá mú un. Ọmọ hu eyín, ó pààrọ̀ eyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n, a ò rí Upokoina. Akaiti ló ń wọ ẹrẹ̀ lọ wa kókò tí ọmọ náà ń jẹ. Kò lọ́kọ, kò sì bí òmíràn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ohun tó gbójú lé nìyẹn.

Nígbà tí Tuakeu ní òun fẹ́ gbéyàwó, Akaiti fa àpótí rẹ̀ jáde. Ní Atiu, tivaevae ni ìyá ń rán fún ọmọ, aṣọ ìbora ńlá tí a fọwọ́ rán, tí ìyá ọkọ yóò fi bo tọkọtìyàwó léjìká níṣojú gbogbo ènìyàn. A kì í tà á. Bí ìyá náà bá sì kú, àwọn ọmọ ní í gbé tivaevae wá láti fi wé e wọ ilẹ̀.

Àwọn obìnrin kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Akaiti ń fi òwú so àgékù pọ̀ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra, oníkálukú ń rán apá tirẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń bú ara wọn. Lọ́jọ́ kan Tuakeu dé, ó fọwọ́ kan àárín aṣọ náà.

“Mama, ṣé búlúù yìí kọ́ ni ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́?”

“Òun ni. Pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, yẹ̀rì mi tí o dì mú tí o kò fẹ́ jù sílẹ̀ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa fi bò wá o, Mama.” Láti ọjọ́ náà ni orin Akaiti ti ga ju ti àwọn yòókù lọ.

Bí ìgbéyàwó ṣe ku díẹ̀ ni Upokoina dé láti Ọkilandi, tòun ti lọ́fínńdà àti báàgì ńláńlá. Akaiti fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀, ó sì fi òdòdó sí i lọ́rùn. Àbúrò ẹni ni, kí lèèyàn ó ṣe?

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, akéde dìde lábẹ́ àtíbàbà. Akaiti náà ti dìde, ó ń tún ìmúra rẹ̀ ṣe. Akéde ní kí Upokoina, ìyá ọkọ, jáde wá fi tivaevae tó rán bo àwọn ọmọ rẹ̀.

Akaiti kọ́kọ́ rò pé ẹnu ló tàsé. Ó wo Tuakeu kí ó lè tún un ṣe. Tuakeu wolẹ̀. Upokoina gbé aṣọ náà níwájú akéde, ó tú u, ó fi bò wọ́n, ó ń sunkún, èrò ń pàtẹ́wọ́. Ìka Tuakeu wà lórí àgékù búlúù yẹn, ó ń rọra fọwọ́ pa á, kò sì gbójú sókè. Akaiti yí padà, ó gba ẹ̀yìn lọ síbi ihò tí wọ́n ti ń yan ẹlẹ́dẹ̀, bí ẹni pé ẹran ló fẹ́ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kura ti sọ fún un pé Tuakeu fúnra rẹ̀ ló lọ bá akéde láàárọ̀ pé kó pe Upokoina. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó dùn ún wọ eegun.

Lọ́jọ́ kejì Tuakeu wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akaiti ń ránṣọ. Ọmọ náà ṣàlàyé, ó ṣàlàyé: Upokoina bẹ òun, ojú àwọn ará ìlú ń tì í, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ jẹ́ ìyá.

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní bínú, Mama. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbójú fò ó.”

“Inú ń bí mi, Tuakeu. O dà mí.”

Tuakeu wo aṣọ ọwọ́ Akaiti. “Ta lẹ ń rán ìyẹn fún?”

“Tèmi ni. Èyí tí wọ́n máa fi wé mi bí mo bá kú. Ọmọ ló yẹ kó gbé e wá. Mo sì gbọ́ lẹ́nu akéde pé n ò lọ́mọ.”

Àgékù búlúù kan, èyí tó ṣẹ́ kù lára ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn, bọ́ sílẹ̀ láti orí itan Akaiti. Tuakeu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

Akaiti kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́.

“Jù ú nù,” ló wí.