“Ìwọ” Tó Kú ní Họ́láńdì

Aago èéfín ń ké lókè orí wa bí ẹni tí wọ́n ń pa. Màmá mi ju abọ́ tí wọ́n ń fọ̀ sílẹ̀, wọ́n sáré gun àtẹ̀gùn, mo sì tẹ̀ lé wọn. Èéfín ti bo gbogbo ilé ìdáná òkè, ọbẹ̀ ẹ̀wà ti di èédú nínú ìkòkò. Bàbá Onílé jókòó nídìí tábìlì, wọ́n ń ka ìwé lọ jẹ́jẹ́, àfi bíi pé ilé ẹlòmíràn ló ń jó. Màmá mi pa iná, wọ́n ṣí fèrèsé sí òtútù ìta, wọ́n wá fẹ̀yìn ti ògiri.

“Jésù o! Daddy, you want to burn all of us?”

Bàbá gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa.

Abẹ́ ilé wọn ni èmi àti Màmá mi ń gbé ní Toronto. Ará Họ́láńdì ni Bàbá Onílé. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìtàn èdè ìlú wọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ìyàwó wọn ti kú. Oakville ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé, Uncle Oakville ni mo sì ń pè é. Ẹ má bínú pé mi ò lo “wọ́n” fún un. Àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí i nígbà náà, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Dòdò ni Màmá mi ń dín nígbà tí Uncle Oakville pè, torí náà wọ́n fi fóònù sí speaker, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ ní Sátidé láti yẹ Bàbá wò. Bí ọpọlọ wọn bá ṣì pé, kí wọ́n máa gbé ilé wọn lọ. Bí kò bá pé mọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Georgetown ló kàn, wọ́n á sì ta ilé. Àwa náà á kó ẹrù wa jáde. Màmá mi ní, “Okay, sir,” wọ́n sì jẹ́ kí dòdò náà jóná.

Bí Màmá mi bá wà ní shift ní Vaughan, ọ̀dọ̀ Bàbá Onílé ni mo máa ń dúró sí lẹ́yìn ilé ìwé. Ilé ìdáná wọn kì í yé rùn fún kọfí. Wọ́n á máa gé kárọ́ọ̀tì, ọ̀bẹ á máa ró ko-ko-ko lórí pákó, wọ́n á sì máa bá mi sọ Dutch, èdè ìlú wọn, nítorí pé wọn ò rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́. Ọmọ wọn ò gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ní kó máa sọ láti kékeré, kí wọ́n má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé. Èmi náà rèé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá ìyá mi lóhùn, mo wá ń fi Dutch bá bàbá ẹlòmíràn ṣeré.

Ìtàn kan wà tí kì í sú wọn. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn ará Họ́láńdì ní “ìwọ” tiwọn, “du” ni wọ́n ń pè é. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ìlú ńlá ló pa á. Ogun lé àwọn èèyàn láti gúúsù wá sí àríwá, oníṣòwò, atẹ̀wé, ahunṣọ, kálukú pẹ̀lú ahọ́n tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́ ọlọ́lá. Kí wọ́n má bàa ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n ń pe gbogbo èèyàn ní “gij”, ìyẹn “ẹ”. Nígbà tí àwọn àlùfáà péjọ láti túmọ̀ Bíbélì, wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n sì pinnu pé “gij” ni kí wọ́n pe Ọlọ́run pàápàá.

Mo sáré lọ sọ ọ́ fún Màmá mi. Wọ́n ní, “Wọ́n pe Ọlọ́run ní ẹ? Ọlọ́run mélòó ni wọ́n ní?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Bàbá ní ibi tó ti wá dùn nìyẹn. Nígbà tí gbogbo ayé ti di “ẹ”, iyì “ẹ” náà wọmi. Ó yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn, ó di “jij”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọmọdé àti ọ̀rẹ́, ni wọ́n bá tún ní láti wá “ẹ” mìíràn. “U” ni èyí tuntun, wọ́n ní inú oyè ọlá tí wọ́n ń kọ sí lẹ́tà ló ti jáde. Èmi, “jij” ni wọ́n ń pè mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìkòkò yẹn ti jóná ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń jò kúrò lórí wọn. Ní alẹ́ Fúráìdè, Màmá mi jókòó tì wọ́n. “Daddy, what day is today?” Wọ́n fi Dutch dáhùn, ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò wá. Nígbà tó di òwúrọ̀, Màmá mi fá irùngbọ̀n wọn, wọ́n sì so táì mọ́ wọn lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, èyí gan-an ló dẹ́rù bà mí. Uncle Oakville dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bèèrè ọjọ́, Bàbá fi Dutch dáhùn, mo túmọ̀ rẹ̀, ó tọ̀nà. Nọ́ọ̀sì bèèrè àdúgbò, èyí náà tọ̀nà. Nọ́ọ̀sì wá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. “And do you know who this is?”

Bàbá wo ọmọ wọn títí. Wọ́n fi ọwọ́ ti tábìlì, wọ́n dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nawọ́ sí àga kan fún un. “Gaat u zitten. Wilt u koffie?”

“What did he say?” ni Uncle Oakville bi mí.

“He says you should sit down. Do you want coffee?”

“See? He knows me!” Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. “He's offering me coffee.” Èmi tí mo rò pé ilé ló fẹ́ tà, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á ju àwa lọ.

Ṣùgbọ́n ara mi ò lélẹ̀, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Màmá mi sún mọ́ mi. “Kí ni wọ́n wí gan-an?”

Lọ́jọ́ mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì ni ǹ bá fi dáhùn. Kí nọ́ọ̀sì má bàa gbọ́, mo fi Yorùbá sọ ọ́. “Wọ́n ní, ‘Ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa mu kọfí?’”

“Ta ni wọ́n ń pè ní ẹ?”

“Uncle.”

“Ọmọ tí wọ́n bí?”

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ti túmọ̀. “You” ti Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ, ó gba ọba, ó gba àlejò. Àlejò ni Bàbá ń kí.

Màmá mi wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Bí wọ́n bá dákẹ́, ilé wa ṣì wà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ìkòkò mìíràn á jóná lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sí nílé.

“Sir, please don't be angry,” ni wọ́n wí. “The way he called you now, that is how somebody will call a visitor. He doesn't know it's you.”

Uncle Oakville wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ jókòó sórí àga tí bàbá rẹ̀ fi hàn án, ó ní, “Yes, please. Coffee,” omijé sì ń já bọ́ sórí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bàbá Onílé lọ gbé ife wá fún àlejò wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni “wọ́n” ti wọ ẹnu mi fún Uncle Oakville, mo sì ń fi tọkàntọkàn pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Bàbá lọ sí Georgetown kí yìnyín tó tán nílẹ̀, àwa náà kó lọ síbòmíràn. Uncle máa ń wá gbé mi kí n lọ bá Bàbá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, èmi náà di “u” lẹ́nu Bàbá. Inú ọkọ̀ Uncle ni mo ti sunkún lọ́jọ́ náà, Uncle sì rọra ń wa ọkọ̀ wọn lọ.

Mo ti bímọ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì lọmọ mi fi ń dá mi lóhùn, inú mi ò sì dùn sí i, torí “you” rẹ̀ ò sọ ohunkóhun fún mi. Màmá mi ti dàgbà, àwọn nìkan ló ń gbé. Àràárọ̀ ni mo ń pè wọ́n kí n tó wọ iṣẹ́, mi ò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn títí màá fi gbọ́ ohun tí wọ́n máa pè mí, “o” tàbí “ẹ”. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé fóònù, wọ́n sì dákẹ́. Mo ti di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mọ́tò mú kí n sáré lọ bá wọn.

“O ò tíì jẹun, àbí?” ni wọ́n wí.

“Rárá, mà,” mo ní, mo sì ń sunkún, “mi ò tíì jẹun.”