Gbádéyan Ń Wá Ọ̀nà Lọ Fẹ́yàwó

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó olóògbé Gbádéyan ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ní Kabba bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti dé ilé ìyàwó ní Iyah-Gbede láti àárọ̀, òun nìkan ni wọn ò rí. Rhoda, ìyàwó, ń wọlé, ó ń jáde, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Jethro bàbá rẹ̀ ti búra pé bí oòrùn bá wọ̀ kí ọkọ tó dé, kò sí ìgbéyàwó mọ́.

"Níbo lẹ fi í sí?" Jethro bi Adédùntán, àbúrò ọkọ.

"Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti ń wá ọ̀nà tó kúrú jù lọ síbí, bàbá."

Bí Gbádéyan ṣe rí nìyẹn. Orí rẹ̀ pé o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ ìsinmi. Bó bá ń wá nǹkan, ibi tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù lọ ni yóò kọ́kọ́ dé, yóò so koríko síbẹ̀ láti fi sàmì pé òun ti débẹ̀: ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti parí nìyẹn. Nínú gbogbo ibi tó kù, èyí tó tún sún mọ́ ilé jù ló kàn, ì báà wà lódìkejì ìlú. Kò ní fo ọ̀kan.

Ìròyìn tó ń wọlé kò wá bára mu. Ẹnì kan rí i tó ń sáré bọ̀ láti odò. Ẹlòmíràn rí i lọ́nà tó kẹ̀yìn sí Iyah pátápátá.

"Ṣé ó ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ mi ni, àbí ó ń sá fún un?" Jethro figbe ta. Rhoda bú sẹ́kún.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ kí ọkọ ìyàwó tó yọ, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí Jethro ní ìkíni ilẹ̀ wọn.

"Okun o, bàbá! Mo ti rí ọ̀nà náà! Kò sí èyí tó kúrú jù ú lọ!"

"Ọ̀nà wo?"

"Títì tí gbogbo ayé ń gbà ni."

Jethro fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó tán, ewúrẹ́ Rhoda sọnù. Rhoda ní etí odò ló máa ń jẹ̀. Gbádéyan kọ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọjá sí ilé Moses, aládùúgbò wọn.

"Gbádéyan, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi náà?"

"Ó sún mọ́ ilé ju odò lọ."

Kó tó dé odò, ewúrẹ́ ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé.

Nígbà tí Gbádéyan kú lọ́dún 1958, wọ́n tún sọ ìtàn wọ̀nyí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Adédùntán wá bi opó náà pé, "Ìyàwó wa, ojú tì ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn. Kí ló dé tó o fi gbà á?"

"Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti bó," ni Rhoda wí. "Kò sí ibi tí kò dé kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ò ní rí ẹni tó máa wá mi bẹ́ẹ̀ mọ́."