Òǹtẹ̀ Tí Orie Kọ̀ Láti Gbẹ́

Orie Mikuni kú sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Ó ti tẹ nọ́mbà ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló bà á, torí ọ̀daràn ni obìnrin tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ oyún lójú òfin ilẹ̀ Japan wa yìí.

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gbẹ́ òǹtẹ̀ orúkọ, èyí tí a fi ń tẹ ìwé dípò ìbuwọ́lùwé, fún gbogbo wa nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Òun ló gbẹ́ tèmi. Ó fẹ́ eruku igi kúrò lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Aǹtí, ẹ má fi tẹ ìwé ìgbéyàwó o. Ẹ wo èmi!"

Ọkọ rẹ̀, Gosuke, ń lù ú bí ẹni lu aṣọ òfì. Orie sá jáde kó tó mọ̀ pé òun ti lóyún. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló gbé dé ilé ìwòsàn. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fa oyún jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oògùn oríṣi méjì náà wà, tí wọ́n ń lò tẹ̀léra lójú dókítà. Ó tètè dé, kò sì yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn pa á.

"Ọkọ yín gbọ́dọ̀ tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé yìí pé òun gbà, mà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ọkọ tó ń lù mí? Ẹ wo apá mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

Ilé ìwòsàn mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan náà. Èmi fúnra mi sọ fún un pé, "Ṣebí ìwọ lo ń gbẹ́ ẹ! Gbẹ́ ti Gosuke, kí o tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Aǹtí, tí mo bá gbẹ́ ayédèrú ẹyọ kan, ta ló tún máa gba èyí tó kù gbọ́?"

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń bí mi. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀nà ń dí mọ́ ọn, ló bá ra oògùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ìjọba ti kọ̀wé sáwọn dókítà tipẹ́ pé obìnrin tí ọkọ ń lù, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti túká, kò nílò òǹtẹ̀ ọkọ. Nọ́mbà wà tí olóyún tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lè pè, wọn ò sì ní bèèrè orúkọ rẹ̀. Ta ló sọ fún Orie? Ẹ̀yin dókítà, ṣé inú dúrọ́ọ̀ yín ni lẹ́tà náà ń sùn ni? Àbí ẹ̀rù pé Gosuke á pè yín lẹ́jọ́ ló bà yín? Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin jù.

Lánàá, ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo lọ sí ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn mẹ́ta náà, mo bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n lè bá obìnrin kan ṣẹ́ oyún.

"Màmá, ṣé ọmọ yín ni?"

"Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń lù ni."

"Kó ṣáà gba òǹtẹ̀ ọkọ ẹ̀ wá."

Dókítà àgbà, ẹ jáde síta. Ẹ dárúkọ ẹni tó fi lẹ́tà ìjọba pamọ́. Ẹ lẹ lẹ́tà ọ̀hún mọ́ ẹnu ọ̀nà yín lónìí, kí obìnrin tí ojú rẹ̀ wú, tó jókòó lẹ́yìn mi lánàá, lè rí i kà kó tó padà sílé.