Egungun Àgbò Ìkómọ

Ní yàrá ìwádìí wa ní Houston, mo gbé egungun ẹsẹ̀ àgùntàn kan tí wọ́n hú ní abúlé àtijọ́ sábẹ́ iná. Àpá ọ̀bẹ wà ní oríkèé rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun náà kò fọ́. Ẹni tó gé e fara balẹ̀. Bàbá mi ni mo rí lọ́kàn, lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń gé àgbò ní ilé ìdáná wa ní àdúgbò Gulfton, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi.

Àbúrò mi obìnrin pé ọjọ́ méje lọ́jọ́ náà, nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní ọsibítù, ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùfáà ní kí a má fọ́ egungun àgbò ìkómọ, kí ara ọmọ lè le. Èmi gbà pé bí ọ̀kan bá fọ́, ọmọ yóò kú. Ẹsẹ̀ àgbò tí mo dì mú ń yọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kúkú fi àáké là á," ni Bọ̀dá Ràsákì aládùúgbò wa wí. "Àbí títí Iléyá la ó fi máa wá oríkèé?"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ àgbò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ró gbà lórí táìlì.

Bàbá mi gbé e, wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò fọ́." Wọ́n tún fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé dókítà ti pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí wọ́n múra ọkàn sílẹ̀.

Fóònù dún lápò wọn. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo gbé e sí wọn létí. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi tó fi orúkọ mi pè wọ́n: "Bàbá Àmínà, ọmọ ti mu wàrà."

Ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí náà ni wọ́n ti forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. Èmi náà forí kanlẹ̀.