Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Kò Dá Mi Mọ̀

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá ti dárúkọ Abuja. Nígbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣì ń kọ́ ìlú náà lọ́wọ́. Ilé kò tíì pọ̀ ní Dutse Alhaji tí à ń gbé, kò sì sí aṣọ tí èèyàn lè sá síta tí eruku pupa kò ní bà lé. Bíríkìlà ni ọkọ mi, èmi ń ránṣọ níwájú ilé. Ọyẹ́ ọdún yẹn mú gan-an, gbogbo àdúgbò ń wọ súẹ́tà, àmọ́ èmi ń làágùn. Bí mo bá jẹun tán, ebi á tún máa pa mí, síbẹ̀ ńṣe ni mò ń rù. Ọkàn mi ń lù kìkìkì bí ẹni tí ajá ń lé. Òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ nítorí ọwọ́ mi kì í dúró. Mò ń jágbe mọ́ ọkọ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan, títí tó fi di pé kì í tètè wálé mọ́. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé sọ pé ìrònú àìrọ́mọbí ló ń ṣe mí, mo sì gbà á gbọ́. Mò ń wo dígí lójoojúmọ́, mi ò rí nǹkan kan.

Ìyá mi wá bẹ̀ wá wò láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo rí i, inú mi dùn, mo sáré lọ bá a. Kí n tó kúnlẹ̀, ó ti kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ ò bá mi rí ọmọbìnrin kan tó dúró níbí? Ó sanra díẹ̀. Télọ̀ ni."

Mo rò pé eré ló ń bá mi ṣe, mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí àlejò ṣe ń wo onílùú tó fẹ́ bẹ̀.

"Màámi, èmi rèé."

Ohùn mi ló dá mọ̀. Àpò gààrí tó gbé dání já bọ́. Ó di èjìká mi mú, ó ń wo ojú mi tó ti yọ síta bíi ti ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà, ó ń wo ọrùn mi tó wú. "Kí ló ṣe ọmọ mi báyìí?" Ó pariwo débi pé awakọ̀ Hausa kan sáré dé, ó ń kí i pẹ̀lẹ́ ní èdè rẹ̀ pé, "Sànnu, Mama, sànnu." Ìyá tó bí mi ló pè mí ní màdáámù.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wa ní ọsibítù. Dókítà ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì, ó fi bébà kan lé ẹ̀yìn ìka mi. Bébà náà ń gbọ̀n, a ń gbọ́ ìró rẹ̀, títí tó fi já bọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì pẹ́ kí èsì tó dé. Ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì, ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù, tó ń lé gbogbo ara mi sáré. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará Kàbà ló ń túmọ̀ fún wa.

"Ọlọ́run ṣeun," ìyá mi wí. "Ìgbà wo ni yóò lo oògùn yìí tán?"

Nọ́ọ̀sì wo dókítà, ó tún wò wá. "Mà, kò rí bí ibà. Ó lè rọlẹ̀, ó sì tún lè padà wá. Ẹ ó máa ṣọ́ ọ ni. Ojú rẹ̀ yẹn náà, ó lè má padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Èmi ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Àṣé àìsàn wà tó jẹ́ pé wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ, wọ́n á fún ọ lóògùn, síbẹ̀ kò ní lọ pátápátá? N kò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ilé. "Mo rò pé o ti kórìíra mi ni," ló sọ, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohun tó ti ń gbé kiri nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni oògùn náà ṣiṣẹ́. Ìgbà kan wà tó pọ̀jù fún mi, tí òtútù ń mú mi nínú oòrùn, tí oorun ń kùn mí lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, dókítà sì dín in kù. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọkùnrin mi, àìsàn náà tún gbérí, a tún bẹ̀rẹ̀. Ojú mi kò wọlé tán títí dòní.

Ohun tí àìsàn náà kọ́ mi ni láti máa bi ara mi léèrè bóyá òun ló tún dé. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ mí láago láìpẹ́ yìí pé ìyàwó ọmọ mi ti bí, gbogbo ilé hó yèè, ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo jókòó, mo fi ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, mo dúró. Nígbà tó rọlẹ̀, mo mọ̀ pé ayọ̀ lásán ni. Mo wá dìde, mo jó.